Bí Mo Ṣe Wọ Inú Egbò Ẹsẹ̀ Ara Mi Lọ Bá Àwọn Olódi Jagun

"Ẹni tó bá ní ẹ̀tù lọ́wọ́ kó gbé e sílẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí máa mú ọwọ́ gbọ̀n! Èmi Ọdẹ́tóyìnbó tí ẹ ń wò yìí, èmi ni ọkùnrin kan ṣoṣo láyé tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tó wọ inú egbò ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, tó bá ìlú méjì jagun níbẹ̀, tó sì jáde padà kí iyán tí ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un tó tutù!"

Báyìí ni mo ṣe la ẹnu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olúọ́dẹ wa, Bàbá Ògúndìran, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní ìlú Òkè-Ìgalà. Àwa ọdẹ mẹ́tàdínlógún la pé síbẹ̀ pẹ̀lú ajá wa, nítorí kí oòrùn tó rọ̀ la máa wọ igbó fún ọdẹ ọlọ́dọọdún. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo ti ń ṣáájú ọdẹ yẹn. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ tẹ ewé igbó, èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbọ́ mímí ẹran, àwọn yòókù á máa tò lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí egbò kan yọ sí mi lójúgun, òfin ilé Olúọ́dẹ sì le lórí ọ̀rọ̀ egbò. Ẹni tó bá ní egbò tó ṣí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣáájú, nítorí afẹ́fẹ́ á gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran kí ẹsẹ̀ ọdẹ tó débẹ̀. Ilé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jókòó sí, tí á máa bá àwọn ìyàwó ọdẹ sun iṣu de àwọn tó lọ.

Èmi! Kí n máa sun iṣu! Kí Ògúnbòdé, tí ìró ìbọn ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà, máa ṣáájú!

Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ṣòkòtò gígùn tó wọ́lẹ̀, tí mo fi páúdà olóòórùn dídùn pa ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ọmọ ìka, tí mo sì wá kéde fún gbogbo ayé pé egbò náà ti jinná.

"Ó ti jinná kẹ̀?" ni Ògúnbòdé wí. "Níjẹrin ni mo rí ọ tí ò ń tiro bí adìyẹ tí okùn kọ́ lẹ́sẹ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìwọ ṣáà dákẹ́, kí o gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń ṣe."

Olúọ́dẹ ti tábà bọ inú ìkòkò rẹ̀, ó ní, "Sọ ọ́ ká gbọ́. Bí ó bá dá wa lójú pé ẹsẹ̀ rẹ ti san, ìwọ ni wàá ṣáájú. Bí kò bá dá wa lójú, Ògúnbòdé ni."

Mo na ìka sí Ìjì, ajá Olúọ́dẹ, tó ti ń gbóòórùn ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi láti ìgbà tí mo ti dé. Mo ní, "Ẹ bá mi lé ajá yìí. Páúdà ló ń wù ú." Mo wá bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn rèé.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí egbò náà ń ta mí bí ẹni pé wọ́n dáná sí i, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo ti gba ojú fèrèsé fò jáde nílé ẹ̀kọ́, n kò sì tíì padà wọlé títí dòní, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fojú rí lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé sí mi lágbárí nìyẹn. Mo rí àwòrán ńlá kan lára ògiri Nọ́ọ̀sì. Àwọn nǹkan kan rí róbótó, àwọn kan gùn bí ọmọ ìka, wọ́n sì la inú wọn fún wa bí ẹni la ọsàn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Ọdẹ, àwọn tó wà nínú egbò yín rèé. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n. Odi tí wọ́n mọ yí ara wọn ká ló ń gbà wọ́n sílẹ̀, odi yẹn náà sì ni oògùn yìí máa bá jà." Ó fún mi ní kápúsù, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì. Ó ní kí n máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ méje.

Mo délé, ìyàwó mi gbé iyán kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé kápúsù kan mì. Bí mo ṣe gbọ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́fun mi, inú bí mi. Mo ní, "Kí ni! Ogun máa jà nínú ara tèmi, kí èmi ọdẹ máa jẹ iyán?" Mo gbé ìbọn, mo mú aró díẹ̀ nínú ìkòkò tí ìyàwó mi fi ń pa aṣọ láró, mo mú ìgò ògógóró kan, mo pe orúkọ ara mi sẹ́yìn nígbà méje, mo fò sókè, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Mo súnkì títí hóró iyọ̀ fi dà bí òkè níwájú mi. Mo tún súnkì títí irun ẹsẹ̀ ara mi fi dà bí igi àràbà tí ogún ọkùnrin kò lè gbá mọ́ra. Mo gba ẹnu egbò wọlé.

Ṣé odò ni kí n pè é ni, àbí ẹrọ̀fọ̀? Ó funfun, ó gbóná, ó sì ń fà. Mo wẹ̀ ẹ́ fún ohun tó tó ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo gúnlẹ̀, àwọn ìwin funfun kan yí mi ká. Wọn kò ní ẹsẹ̀, wọn kò ní orí, ara wọn ń ṣàn káàkiri bí ẹ̀kọ gbígbóná, ohunkóhun tí wọ́n bá sì rí, wọ́n á kàn ṣàn bò ó mọ́lẹ̀, ó parí.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn ní, "Àlejò, ta ló fún ọ láyè kí o wọ ibí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò! Èmi ni mo ni ẹsẹ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀!"

Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dákun, Bàbá Onílé. Ọmọ ogun ara yín ni wá. Ó ti rẹ̀ wá ni. Àwọn olódi tí à ń bá jà, ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ni wọ́n fi bo odi wọn láti òde. Bí a bá dì wọ́n mú báyìí, wọ́n á yọ̀ bọ́."

"Ẹ lọ sinmi," ni mo wí. "Olóko ti dé."

Níbi tí mo sọ̀rọ̀ dé yìí ni Ògúnbòdé dá sí i. Ó ní, "Ògógóró tí o mú dání ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà súnkì?"

"Ó súnkì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pa èèyàn." Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé Olúọ́dẹ gan-an rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé mo ti ń wọlé sí wọn lára, mo bá ń bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo rìn síwájú, mo rí ìlú méjì lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ilé ìlú kìíní rí róbótó, wọ́n so mọ́ ara wọn bí ìdì ẹyìn. Àwọn ti ìlú kejì gùn bí àgbàdo. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ irú ọ̀tá tí mo bá pàdé, mo bá da aró lé ìlú méjèèjì lórí. Àwọn méjèèjì sì di elésè àlùkò. Mo wá da ògógóró tẹ̀ lé e. Ìlú róbótó mu aró yẹn sínú odi, kò jẹ́ kó jáde. Ṣùgbọ́n ní ìlú kejì, òróró ló wà lára rẹ̀ lóde, ọtí sì bó òróró yẹn, gbogbo aró ṣàn dànù bí ẹni pé n kò da nǹkan kan. Mo ní, "Ó yé mi. Ọ̀kan nípọn, èkejì lárékérekè." Mo sọ ìlú kìíní ní Olódi-Nípọn, mo sọ ìkejì ní Aláwọ-Méjì.

Mo kan ilẹ̀kùn Olódi-Nípọn. Olùṣọ́ tó yọrí sí mi dà bí okùn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilé, ó gba inú gbogbo odi kọjá, orí rẹ̀ wá ń jù lóde. Odi náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe amọ̀. Àwọ̀n ni, àwọ̀n lórí àwọ̀n, ó tó ogún ìpele. Okùn ṣúgà ni wọ́n ta ní gígùn, wọ́n wá fi ìdè kéékèèké so okùn kan mọ́ èkejì ní ìbú, kò sí ibi tí kò ní ìdè.

Olùṣọ́ ní, "Ọdẹ, gbọ́ èyí kí o tó wọlé. Omi kún inú ilé wa, ó ń ti ara ilé tọ̀sán-tòru láti jáde. A kò ní egungun, a kò ní òpó. Kí ló dé tí ilé wa kò bẹ́?"

Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé! Mo ní, "Tíúbù kẹ̀kẹ́ kì í bẹ́ bí táyà bá wà lóde rẹ̀. Àwọ̀n yìí ni táyà yín. Òun ló dì yín mú."

Ó mi orí. "O gbà á. Èkejì nìyí: ta ló ń já ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ilé náà lè tóbi?"

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni òógùn ti bò mí. Mo ronú títí, n kò rí nǹkan kan. Olùṣọ́ ké sí àwọn mọlémọlé rẹ̀ pé kí wọ́n fi mí mọ odi. Wọ́n gbé mi, wọ́n ń so mí mọ́ àwọ̀n, ìdè kan lọ́rùn, ìdè kan ní ìbàdí. Wọ́n ti so mí dé ìgbápá kí n tó rí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Ọ̀kan ń fi ọ̀bẹ gé ìdè tó ti wà tẹ́lẹ̀, àlàfo á yọ, èkejì á sáré ki okùn tuntun bọ àlàfo náà, á so ó pa. Ilé á sì fẹ̀ sí i díẹ̀. Mo pariwo pé, "Ẹ̀yin náà ni! Ẹ̀ ń já àwọ̀n yín kí ẹ lè rí àyè so tuntun! Bí ẹ bá já a láìso, ẹ gbé!"

Wọ́n tú mi sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún mi. Lẹ́yìn àwọ̀n yẹn, awọ olóròóró kan ló kù, tó tinrin bí èyí tó ń bo ojú ògì gbígbóná nígbà tó bá fẹ́ tutù. Ẹnu ọ̀nà kéékèèké wà lára rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì mọ ohun tó ń gbà wọlé àti ohun tó ń tì jáde. Mo rí ẹ̀rọ ìlọta kan tó ń yí lára awọ náà. Bí nǹkan tíntìntín kan bá ṣe ń gba ihò rẹ̀ rọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí, yíyí yẹn ni wọ́n sì fi ń rí agbára jẹun. Mo fẹ́ yí i wò. Ó gbé mi jù sókè, mo bára mi lóde odi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yẹn gan-an ni kápúsù mi dé. Ẹ rò pé idà ni wọ́n gbé? Rárá o! Wọ́n fara jọ ìdè tí àwọn mọlémọlé fi ń so àwọ̀n ni, wọ́n kàn ń dúró síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Mọlémọlé á na ọwọ́ mú un, ó rò pé ìdè ni, ọwọ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àtè. Kò ní lè so nǹkan kan mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́bẹ kò mọ̀! Wọ́n ń gé lọ, wọ́n ń gé lọ, ẹnikẹ́ni kò so. Àwọ̀n là, awọ òróró yọ síta bí tíúbù tó yọ lára táyà gbígbó, omi ti í, ó sì bẹ́ gbàù! Ilé kìíní bẹ́, ìkejì bẹ́, gbogbo Olódi-Nípọn bẹ́ bí ẹ̀pà nínú iná. Ọ̀kan gbá mi létí. Títí dòní, etí òsì mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Ògúnbòdé.

"Ó ṣe é!" ni àwọn ọdẹ ń wí. Olúọ́dẹ na ọwọ́ sí fìlà aṣáájú tó gbé kọ́ ara ògiri. Ó ku díẹ̀. Mo tún rí i pé Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá ti dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, nítorí ọdọọdún ló máa ń gbé òwú àti báńdéèjì wá fún àwọn tó ń lọ sígbó. N kò jẹ́ kó dí mi lọ́wọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ẹni tó ni àwòrán náà wà níbẹ̀.

Mo wá kọjú sí Aláwọ-Méjì. Baálẹ̀ wọn ló jáde sí mi fúnra rẹ̀. Irun ṣúgà bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, gìrìgìrì bí irun òòrẹ̀.

Ó ní, "Onílé, o kú àbọ̀. Má wulẹ̀ yọ ìbọn. Awọ olóròóró kan wà lóde mi, òmíràn wà nínú, àwọ̀n wà láàárín wọn. Àwọ̀n tèmi tinrin, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí oògùn rẹ tó rí i, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tóóró mi wọlé. Bó bá sì wọlé, àgbàlá wà níbẹ̀, àwọn aládàá sì wà nínú àgbàlá tó jẹ́ pé gígé irú àtè yẹn sí wẹ́wẹ́ ni iṣẹ́ wọn."

"Bí mo bá wá fọ́ ọ ńkọ́?"

"Bí o bá fọ́ mi, gbòǹgbò irun mi yìí, májèlé ni. Á dà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, ibà á gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì."

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀yin ará. Ibà tó mú mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, irun rẹ̀ ni.

Baálẹ̀ tún sún mọ́ mi, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí ọ̀tún. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni màá bẹ̀ ọ́. Máa rán àwọn ọmọ ogun rẹ wá títí ìrora á fi dáwọ́ dúró, kí o wá sinmi. Ẹyọ mẹ́wàá péré ni kí o kù sílẹ̀ nínú wa. Kí o tó fá irùngbọ̀n rẹ tán, mẹ́wàá á di ogún. Kí o tó jẹun tán, ogún á di ogójì. Àwọn tó bá sì kù, àwọn tí odi wọn le jù lọ ni. Odi wọn yẹn ni gbogbo ọmọ wọn máa jogún."

Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé egbò mì tìtì. Mo ní, "Ọdẹ́tóyìnbó ni ò ń bẹ̀? Èmi tí n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀?" Mo fò jáde lẹ́nu egbò, mo padà sí bí mo ṣe tóbi, iyán ṣì ń yọ èéfín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rán àwọn kápúsù sí wọn, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ méje gbáko, ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù! Àwọn aládàá gé, gé, apá ro wọ́n. Baálẹ̀ onírun bẹ́. Ìlú di ahoro. Ẹsẹ̀ jinná. Olúọ́dẹ, ẹ gbé fìlà mi fún mi.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olúọ́dẹ ti mú fìlà náà lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìrìn-àjò, Bàbá Ọdẹ," ni Nọ́ọ̀sì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ìtàn yín dùn mọ́ mi, ẹ sì rántí àwòrán mi dáadáa. Ọjọ́ wo ni mo fún yín lóògùn?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Òní ńkọ́?"

"Ọjọ́bọ̀."

Ògúnbòdé na ìka rẹ̀ sókè, ó ń kà wọ́n. "Ajé, Ìṣẹ́gun, Rú, Bọ̀..." Ó gbé ìka mẹ́rin sí mi lójú.

Mo ní, "Ọjọ́ inú egbò kúrú ju ti ìta lọ! Ẹni tí kò tíì débẹ̀ kò lè mọ̀."

Olúọ́dẹ gbé fìlà sórí itan rẹ̀, ó ní, "Ó ti tó. Ẹ tú àpò ẹ̀tù yín kí n wò ó bó gbẹ." Àṣà wa nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í wọ igbó láìjẹ́ pé Olúọ́dẹ fọwọ́ kan ẹ̀tù rẹ̀. Mo ní ẹ̀tù tèmi ti gbẹ, ó ní kí n tú u. Mo ní mo ti wò ó, ó ní òun náà fẹ́ wò ó. Ògúnbòdé gba àpò náà lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ dé sórí ẹní.

Kápúsù mẹ́rìnlá yí jáde, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan. "Ṣé ìbọn lẹ fẹ́ fi èyí yìn ni, Bàbá Ọdẹ?"

"Ẹ gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé, Nọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ àná ni ìrora dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ bá mi dá sí i! Ta ló ń yin ẹ̀tù rẹ̀ tán nínú igbó? Ṣebí gbogbo wa là ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀nà ilé? Mo ṣẹ́ wọn kù ni, kí n lè ní nǹkan lọ́wọ́ bí egbò mìíràn bá yọ lọ́dún tó ń bọ̀."

Àwọn ọdẹ kan tilẹ̀ mi orí, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ní, "Mẹ́rìnlá ló wà níhìn-ín, mọ́kànlélógún ni mo kó fún yín. Kí ni Baálẹ̀ onírun bẹ̀ yín létí ọ̀tún?"

Ògúnbòdé ló bá mi sọ ọ́, ó tilẹ̀ fi ohùn mi sọ ọ́: "'Máa rán wọn wá títí ìrora á fi dáwọ́ dúró, kí o wá sinmi.'"

"Ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ìgbà yẹn ni Ìjì, ajá burúkú, wá gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, ó sì fà á. Aṣọ ya dé orúnkún. Páúdà fò sókè bí èéfín. Egbò náà yọjú, ó pupa, ó wú, ó sì ń ṣe omi. Gbogbo wọn fi ọwọ́ bo imú.

"Hẹ̀n!" ni Olúọ́dẹ wí. Ó gbé fìlà aṣáájú dé Ògúnbòdé lórí. "Ọdẹ́tóyìnbó, iṣu wà lẹ́yìnkùlé."

Iṣu yẹn ìbá ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ti ṣí báàgì rẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n tó lọ, màá wẹ egbò yìí, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun. Àwọn tó kù ti mọ odi wọn le. Abẹ́rẹ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ìdí síbí." Ó fa nǹkan kan yọ. Ẹ̀yin èèyàn, mo ti rí ehín ẹkùn, mo ti rí ìwo ẹfọ̀n láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn gùn ju ìbọn mi lọ!

Mo fò kọjá ìkòkò tábà Olúọ́dẹ, mo fò kọjá ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo já sí ọ̀nà igbó. "Ẹ dá a dúró!" ni Nọ́ọ̀sì ń pariwo. "Ẹ mú un!" ni Olúọ́dẹ ń pariwo. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ìjì ń bọ̀, Ògúnbòdé tẹ̀ lé Ìjì pẹ̀lú fìlà tó ti wọ́ sí i lójú, àwọn ọdẹ mẹ́rìnlá yòókù tò lẹ́yìn rẹ̀, Olúọ́dẹ ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, Nọ́ọ̀sì sì gbé abẹ́rẹ́ sókè bí ọ̀kọ̀.

Mo wo iwájú. Ewé igbó nìkan ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọdẹ kankan kò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì ké sí wọn láìdúró: "Ẹ rí i bí? Ọdún kejìlá rèé! Ta ló ṣáájú?"